Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọ̀pẹ Ẹlẹ́gùn-ún ní Èkìtì Tí Òjò Ò Fi Ní Pa Á

Ohun tó ń pa igi yìí ní Èkìtì, òjò ni, kì í ṣe oòrùn. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Méjì ni mo ti rà láyé mi. Èkínní kú mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó pé oṣù mẹ́jọ. Omi ni mo fi pa á, mo sì rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Èkejì ló wà lẹ́yìnkùlé mi ní Adó báyìí, tó ti ga dé èjìká mi. Ohun tí mo ṣe fún èyí tí mi ò ṣe fún ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú igi tó jẹ́

Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Pachypodium lamerei. Àwọn tó ń ta òdòdó létí títì máa ń pè é ní páàmù Madagásíkà. Ọ̀pẹ ẹlẹ́gùn-ún la ń pè é nílé wa. Ó dúró ṣánṣán bí òpó, ìdí rẹ̀ wú, ẹ̀gún bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, gbogbo ewé rẹ̀ sì kó jọ sórí bí imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹ̀gún náà, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yọ lójú kan: méjì gùn, ìkẹta kúrú.

Kì í ṣe ọ̀pẹ rárá. Kì í sì í ṣe káktọ́ọ̀sì, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn káktọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀ wá, ẹbí tiwọn sì yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìbátan igi yìí nínú igbó tiwa, ahùn ni, ìrẹ́ ni, asofẹ́yẹjẹ ni. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, Apocynaceae làwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹni tó bá ti rí irúgbìn ìrẹ́ rí, tó ní ìrun funfun bí òwú tí atẹ́gùn fi ń gbé e lọ, tó bá wá rí ti ọ̀pẹ ẹlẹ́gùn-ún, yóò mọ̀ pé ẹbí ò purọ́. Òdòdó tí wọ́n ń pè ní desert rose, ìyẹn Adenium, tó wọ́pọ̀ ní iwájú ilé àwọn ènìyàn báyìí, inú ẹbí kan náà lòun náà wà, ọ̀pọ̀ ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí ló sì bá òun náà mu.

John Lindley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ nípa ewéko, ló fún ìran Pachypodium lórúkọ ní 1830. Èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹlẹ́sẹ̀ títóbi. Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní ogún. Madagásíkà ni púpọ̀ jù nínú wọn ti wá, àwọn díẹ̀ wà ní gúúsù Áfíríkà. Ọ̀kan wà ní aṣálẹ̀ tó wà láàárín Nàmíbíà àti South Africa, P. namaquanum, tí orí rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí àríwá. Ẹni tó bá rí i lókèèrè yóò rò pé ènìyàn ló dúró sórí òkè, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ìlàjì-ènìyàn níbẹ̀. Òmíràn, P. brevicaule, kò dìde nílẹ̀ rárá: ó kàn wú pẹlẹbẹ sórí àpáta bí iṣu tí ẹnì kan gbàgbé sọ́nà oko. Mi ò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti sún mọ́ ìyẹn. Lamerei ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun ló ń fara dà á jù.

Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Madagásíkà ni ilé lamerei. Ní àgbègbè Toliara níbẹ̀, gbogbo òjò tó ń rọ̀ lódidi ọdún kò ju nǹkan bíi 400 mílímítà lọ. Tiwa ní Èkìtì ju 1,000 lọ dáadáa. Igi tí ara rẹ̀ ti mọ́ kí ó máa gbààwẹ̀ omi fún ọ̀pọ̀ oṣù la gbé wá síbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin wọ oṣù Kẹwàá. Ara rẹ̀ tó wú yẹn, àmù ni. Ibẹ̀ ló ń pọn omi pamọ́ sí. Àmù tó bá ti kún, tí ẹ bá ṣì ń da omi sí i, ẹ mọ ibi tí omi náà máa gbà.

Ìgbà rírà

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ rà á, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá rà á láàárín òjò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń kú lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Bí ẹ ṣe ń ra iṣu ní Ọjà Ọba ni kí ẹ ṣe rà á. Kò sí ará Èkìtì tó ń gbé iṣu lọ sílé láì tẹ ìdí rẹ̀ wò. Ẹ wá àyè láàárín ẹ̀gún níbi tó fẹ̀ jù, ní ìdí rẹ̀ gan-an tó kan iyẹ̀pẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ le koko. Bí ojú kan bá rọ̀, tí ìka yín wọlé díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, kódà kí ewé rẹ̀ máa dán gbinrin. Ewé lè máa dán fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ìdí ti jẹrà. Ẹ má ṣì í mú o: èyí tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń hunjọ díẹ̀ káàkiri ara, bí awọ àgbàlagbà, ìyẹn kò burú, omi díẹ̀ yóò tún un ṣe. Èyí tó rọ̀ lójú kan ṣoṣo ni kí ẹ sá fún.

Bí ẹ bá rà á nínú ọyẹ́ tí kò ní ewé kankan lórí, ẹ fi ìyẹn dúnàádúrà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń tà á gan-an rò pé ó ti kú. Kò kú. Bó ṣe ń sùn nìyẹn.

Èyí tó ga dé orúnkún tàbí tó kéré sí i ló dára jù. Ńlá máa ń wọ́n, gbòǹgbò rẹ̀ sì sábà máa ń gé nígbà tí wọ́n bá ń hú u. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín láti ra èyí tí wọ́n hú láti inú igbó Madagásíkà wá. Gbogbo ẹ̀yà Pachypodium pátá ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES tó ń ṣọ́ bí a ṣe ń kó ewéko àti ẹranko kọjá ẹnubodè, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn kan nínú wọn, bí ambongense, baronii àti decaryi, wà lára àwọn tí òfin náà le mọ́ jù lọ. Èyí tí wọ́n fi irúgbìn gbìn nínú ọgbà ni kí ẹ máa béèrè, òun náà ló sì ń tètè mọ ilé tuntun.

Ìkòkò àti ohun tí ẹ máa kó sínú rẹ̀

Ẹni tó ta àkọ́kọ́ fún mi fi iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ kún inú rọ́bà, ó ní, "Àǹtí, ẹ máa bomi rin ín láràárọ̀ o." Mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ọmọ iléèwé. Mi ò bá a jà, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òdòdó yòókù ló fi sọ fún mi.

Ìkòkò amọ̀ ni kí ẹ lò. Rọ́bà kò ṣe é, ó ń há omi mọ́nú, amọ̀ sì ń mí. Àwa tí a wà ní Èkìtì kò ní àwáwí lórí èyí: àwọn amọ̀kòkò ṣì ń mọ ìkòkò ní Ìṣàn. Ohun kan ṣoṣo ni pé ìkòkò tiwọn, omi ni wọ́n mọ ọ́n fún tàbí ọbẹ̀, nítorí náà kì í ní ihò nísàlẹ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lu ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún. Bó bá ti jóná tán láìní ihò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́júmọ́, kí ẹ wá fi ìṣó àti òòlù kékeré máa lù ú díẹ̀díẹ̀ láti inú síta. Mo ti fọ́ méjì kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n.

Kí ìkòkò náà má tóbi. Ìka méjì péré ni kó fi fẹ̀ ju gbòǹgbò lọ yíká. Ìkòkò ńlá ń gba iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀, iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ ń gba omi púpọ̀, ọ̀rọ̀ á sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ pupa àyíká wa le, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, bí òjò bá pa á á di ẹrẹ̀, bí oòrùn bá pa á á di bíríkì. Èyí ni mo ń pò: kóńgò yanrìn odò méjì, kóńgò òkúta wẹ́wẹ́ kan, kóńgò iyẹ̀pẹ̀ dúdú kan, àti ẹ̀kúnwọ́ èédú méjì tí mo fọ́ sí wẹ́wẹ́. Yanrìn tó rí gàràgàrà ni o, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kankéré. Èyí tó kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, ẹ má mú un. Òkúta náà, ẹ wá àwọn tó kéré bí ẹ̀wà nínú òkìtì òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ẹ fi omi ṣan yanrìn náà nínú abọ́ ńlá títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ẹ bá rí i bí omi àkọ́kọ́ yóò ṣe pọ́n, ẹ ò ní bi mí ìdí rẹ̀.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ bu adàlù náà kún ìkòkò, ẹ da ife omi kan lé e lórí, ẹ máa kà. Bí ẹ bá ka 30 tí omi kò tíì máa jáde nísàlẹ̀, ẹ fi yanrìn kún un.

Gbígbìn, láìsí ẹ̀jẹ̀

Ìbọ̀wọ́ aláwọ rírọ̀ kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀gún yìí. Ẹ mú ìwé ìròyìn, ẹ ká a sí mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìbú kó di ọ̀já, ẹ fi ọ̀já náà yí igi náà ká láàárín, ẹ wá di orí méjèèjì ọ̀já mú pọ̀ bí ẹni di etí àpò mú. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa gbé e. Ẹ̀gún yóò gún ìwé, kò ní dé ọwọ́ yín.

Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò èyíkéyìí tó bá dúdú tó sì rọ̀, ẹ gé e dànù. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lábẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, kó wà nílẹ̀ lásán láìsí iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá dé bá yín nígbà náà yóò rò pé ẹ fẹ́ sọ ọ́ nù.

Nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín, kí ibi tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú wà lókè iyẹ̀pẹ̀. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kó dúró gírí. Bó bá ń mì, ẹ fi òkúta mẹ́ta há a yíká. Ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀ níwọ̀n ìka kan, kí ọrùn rẹ̀ má baà máa kan ohun tútù.

Ẹ má bomi rin ín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó fẹnu kan omi àkọ́kọ́.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Oòrùn ló ń jẹ. Bí kò bá rí oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, yóò tín-ínrín, yóò sì máa tẹ̀ sápá kan. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lábẹ́ ibòji níbi tí ẹ ti rà á, ẹ má gbé e bọ́ sínú oòrùn lójijì, ara rẹ̀ yóò jó. Ẹ máa sún un síta díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibi tó dára jù nílé wa níbí ni abẹ́ etí òrùlé tó kọjú sí ìlà-oòrùn: oòrùn òwúrọ̀ dé ibẹ̀ dáadáa, òjò kì í sì í dé ibẹ̀ tààrà. Ẹ ṣọ́ra fún òṣòòrò o. Ìkòkò tí ẹ bá gbé sábẹ́ ibi tí omi ti ń dà láti orí páànù, ìyà rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tó wà ní gbangba lọ, torí omi tó yẹ kó pín káàkiri òrùlé ló máa dà sórí òun nìkan. Ẹ dúró ní ìta lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ń já sí gan-an. Mo ti rí ẹni tó fi ojú ẹ̀ẹ̀rùn yan ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé Ìkéré ni ẹ ń gbé, tàbí Ẹfọ̀n, níbi tí àpáta ti yọ jáde nínú agbolé, ẹ lè gbìn ín sílẹ̀ láìsí ìkòkò. Ẹ fi òkúta àti yanrìn kọ ebè kan sórí àpáta níbi tó ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó ga tó orúnkún, kí ẹ sì gbìn ín sórí ebè náà. Omi kò ní rí ibi dúró sí. Òkè Ẹfọ̀n, òkúta quartzite ló pọ̀ níbẹ̀, irú òkúta kan náà tí P. brevicaule ń hù lé lórí nílé rẹ̀. Bí mo bá ní ilẹ̀ níbẹ̀, mo mọ ohun tí n bá ti gbìn.

Ọ̀rọ̀ omi

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi wà lọ́dún tí mo ra èkejì. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti ṣan ìrẹsì tán, mo máa ń gbọ́ ìró bàtà wọn lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn náà mo máa ń gbọ́ "ṣàà". Ọjọ́ kẹta ni mo tó jáde lọ wò ó.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bomi sí i mọ́."

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Wo bí ó ṣe gbẹ kangan."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà."

"Ìwọ lo fẹ́ kó kú." Wọ́n wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbọ́ "ṣàà".

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé mo gbé ìkòkò efinrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní efinrin ọbẹ̀ wọn nìyẹn, kí wọ́n máa bá mi tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, efinrin ló ń mu omi ìrẹsì. Mo ń sọ èyí nítorí pé ilé tó bá ní ju ẹnì kan lọ, ẹ gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bomi rin igi yìí, kí ẹ sì wá iṣẹ́ mìíràn fún àwọn aláàánú yòókù.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó tó àkókò: ẹ yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ẹ tì í wọnú iyẹ̀pẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ fà á yọ. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó tutù létè yín, ẹ padà wọlé. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi sí i kó pọ̀ títí yóò fi jáde lábẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò dára. Kó mu àmutẹ́rùn lẹ́ẹ̀kan kó sì gbẹ pátápátá ni ó fẹ́. Ẹ má gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bí ọdún ṣe ń lọ ní ọ̀dọ̀ mi nìyí. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, nínú ọyẹ́, ewé rẹ̀ máa ń rẹ̀ dànù, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀. Ife omi kan ni mo ń fún un lóṣù, kí gbòǹgbò má baà kú tán. Ní oṣù Kẹta, bí ooru bá ti mú, ẹ ó rí ohun tútù kan tó ń yọ lórí rẹ̀ gan-an, ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́wàá. Òjò àkọ́rọ̀, ẹ jẹ́ kó pa á: èmi máa ń gbé e síta fún ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, ewé á sì rú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni pé wọ́n ké sí i. Oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹfà ló ń dàgbà jù. Ó ti wà lábẹ́ òrùlé padà nígbà náà, ẹ ó sì máa bomi rin ín bí ìgbálẹ̀ bá ṣe wí.

Láti oṣù Keje ni kí ẹ máa fura. Atẹ́gùn pàápàá ní ọ̀rinrin nínú, iyẹ̀pẹ̀ kì í tètè gbẹ. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù Kẹjọ, ó lè mu omi lẹ́ẹ̀kan. Oṣù Kẹsàn-án ni mo ń bẹ̀rù jù. Mi ò fún un ní ìkán omi kan láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé ìparí, atẹ́gùn nìkan tó. Inú oṣù yẹn ni àkọ́kọ́ kú.

Ewé rẹ̀ ló kọ́kọ́ di àwọ̀ ìyeyè. Mo rò pé ebi omi ni, mo fi kún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i tó fara ti ògiri. Mo ní kí n nà á dúró, mo di ìdí rẹ̀ mú láàárín ẹ̀gún, ìka mi sì wọlé, ó wọlé pátá, ohun tó jáde síta ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún fùfú tí wọ́n gbàgbé. Òkè rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Bí omi bá ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu

Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ lè gbà á là. Ewé tó di àwọ̀ ìyeyè nínú òjò ni àmì àkọ́kọ́ (nínú ọyẹ́, kò já mọ́ nǹkan kan). Ẹ hú u lójú ẹsẹ̀, ẹ fọ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ mú ọ̀bẹ mímú, ẹ fi sípírítì nù ún, ẹ gé gbogbo ibi tó bá ti jẹrà. Lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, ẹ tún nu ọ̀bẹ. Ẹ máa wo ojú ibi tí ẹ gé: bí àmì pupa rúsúrúsú kan ṣoṣo bá ṣì wà níbẹ̀, kódà kó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ tún gé sí i. Kí ó funfun tónítóní kí ẹ tó dúró. Ẹni tí àánú bá mú dúró lágbedeméjì, yóò tún padà hú u lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ fi imí ọjọ́ tí ẹ rà lọ́jà, tàbí èédú tí ẹ lọ̀ kúnná, pa ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn wà, tí oòrùn kò sí, fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ gbìn ín sínú adàlù tuntun tó gbẹ, ẹ má sì fún un lómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Bó bá jẹ́ gbòǹgbò nìkan ló jẹrà, ó sábà máa ń yè. Bó bá jẹ́ pé ẹ gé gbogbo ìdí rẹ̀ tó wú kúrò tó fi ku òpó lásán, ẹ lè dán an wò, àmọ́ igi yìí kì í fẹ́ ta gbòǹgbò láti ara ọ̀pá bíi ti ẹ̀gẹ́. Ẹ má fi ojú sọ́nà púpọ̀.

Oúnjẹ àti kòkòrò

Oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀. Ìdajì ṣíbí tíì ajílẹ̀ NPK 15-15-15 nínú lítà omi mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje. Ó parí. Ìgbẹ́ adìyẹ yóò mú kó tètè ga, kó sì rọ̀ nínú.

Kòkòrò tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni èyí tó funfun bí òwú, tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé àti sí ìdí ẹ̀gún. Ẹ fi òwú wé ẹnu igi tín-ínrín kan, ẹ rì í bọ sípírítì, ẹ fi tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rẹ ewé dógóyárò mọ́júmọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fín in sí i nírọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi irúgbìn bẹ̀rẹ̀

Irúgbìn tuntun ni kó jẹ́, ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í hù. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ní alẹ́ kan, ẹ tò ó sórí yanrìn tí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀, ẹ bu yanrìn díẹ̀ bò ó, ẹ fi ọ̀rá funfun bo ojú abọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ni yóò hù. Àwọn ọmọ kékeré wọ̀nyí nìkan ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá; ẹ̀gún wọn rọ̀ bí irùngbọ̀n ológbò nígbà yẹn, ẹ lè fọwọ́ pa á. Nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà omi kọ́ wọn díẹ̀díẹ̀.

Ọmọdé, ẹran ilé, àti oje

Oje rẹ̀ ní májèlé. Bí ẹ bá gé e, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú tàbí oúnjẹ. Ẹ má gbé e sẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ewúrẹ́ àdúgbò wa kan wá lẹ́ẹ̀kan, ó fi imú kàn án, kò tún gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá mọ́, ṣùgbọ́n ewé tó já bọ́ sílẹ̀ kò ní ẹ̀gún, nítorí náà ẹ máa gbá a kúrò. Ẹ̀gún tí ẹ bá gé, ẹ wé e sínú ìwé kí ẹ tó jù ú, kí ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà má baà tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, nínú oṣù Kẹta, pẹ̀lú ọ̀já ìwé ìròyìn yẹn. Bó bá ti ga tó mítà kan àti ààbọ̀ ni yóò fẹ́ máa tan òdòdó: ó funfun, àárín rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin, ó sì sábà máa ń yẹ̀ka lẹ́yìn tó bá ti tàn. Tèmi kò tíì tàn. Ìyá mi ti padà sílé wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti béèrè àwọn ọmọ, wọ́n máa ń béèrè bóyá efinrin wọn ṣì wà.